Lé àti Dín Nínú Iná Mànàmáná: Lámèyítọ́ Kan Lórí Èdè Sáyẹ́ǹsì Yorùbá

Ìfáàrà

Bí ọ̀rọ̀ bá kan iná mànàmáná, Yorùbá kò ṣàìní èdè. Ọmọdé tí kò tíì wọ ilé-ìwé mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé wọ́n mú iná lọ, pé iná dé, pé iná gbé ènìyàn. Ó mọ wáyà, ó mọ ṣọ́ọ̀kì, ó mọ bí a ṣe ń ṣáàjì fóònù. Èdè yìí ti wà lẹ́nu àwọn ará ìlú láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti gbé ẹ̀rọ amúnáwá wọ Èkó ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ti gbó dáadáa. Ó ṣe é fi ránṣẹ́, ó ṣe é fi bú NẸ́PÀ, ó ṣe é fi kìlọ̀ fún ọmọ. Ìbéèrè tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn: ṣé ó ṣe é fi ronú? Ṣé ẹni tí ó bá ní èdè yìí nìkan lọ́wọ́ lè fi í ṣàlàyé ìdí tí òòyà oníke tí a fi ya irun gbígbẹ fi ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra?

Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó so mọ́ ọn kò kéré. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babatunde Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ lè kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tí ó sọ èdè abínibí di èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà yẹn. Ní 2025, ìjọba kan náà fagi lé e. Àwọn tí ń gbèjà èdè abínibí sábà máa ń fi àṣà àti ìṣèlú dáhùn. Ìdáhùn tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kúnjú ìwọ̀n. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò lè gbé físíìsì kì í ṣe àṣà ni ó ń bi wá. Gbólóhùn ni ó ń bi wá. Ó yẹ kí a lè mú gbólóhùn kan jáde, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ gbólóhùn Fágúnwà wò: kí ni ó ń ṣe, kí ni ó bò mọ́lẹ̀, níbo ni ó ti kùnà.

Ìwé èdè-ìperí méjì tí Ayọ̀ Bámgbóṣé (1984) àti Ọládélé Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú wọn ti fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ní ọ̀rọ̀ tí a ń lò títí dòní. Físíìsì kò sí lára iṣẹ́ tí àwọn ìwé náà dáwọ́ lé. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan wà nínú wọn tí ó kan físíìsì gan-an: ọ̀rọ̀ tuntun kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé ó dùn létí, bí kò ṣe nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn.

Iná àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀

"Iná" ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohun tí ń jó; ìtumọ̀ rẹ̀ kejì ni ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí àtùpà tuntun dé, èyí tí kò ní epo, tí kò ní òwú, ìmọ́lẹ̀ ni ojú rí, ìmọ́lẹ̀ náà ni a sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí ó tọ́ sí ojú ni. Ṣùgbọ́n fáànù ń yí láìtan ìmọ́lẹ̀ kankan, fíríìjì ń sọ omi di yìnyín, "iná" kan náà ni a sì ní ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tí èyí ṣì lọ́nà, nítorí pé wáyà wà níbẹ̀, ìkọ̀ iná wà lára ògiri, a sì mọ̀ pé bí a bá pa á, ohun gbogbo dúró.

Níbi tí wáyà kò sí ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹni tí ó bá bọ́ aṣọ polyester nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn yóò gbọ́ ìró wẹ́wẹ́, ó sì lè rí ìpẹ́pẹ́ iná tí ń ta lára aṣọ. Bí ó bá na ọwọ́ sí irin ìlẹ̀kùn, nǹkan lè ta á ní ìka. Ẹnikẹ́ni kò mú iná dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mú un lọ. Bí a bá bi ọlọ́gbọ́n inú ìlú pé kí ni ìyẹn, ó lè ní iná ni. Bí a bá bi í pé iná wo, ọ̀rọ̀ tán.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kò le láti sọ. Gbogbo ohun tí a lè fọwọ́ kàn ni átọ́ọ̀mù para pọ̀ ṣe, gbogbo átọ́ọ̀mù ni ó sì ní oríṣi ẹ̀yà méjì tí wọ́n máa ń fa ara wọn: prótọ́ọ̀nù tí ó wà ní àárín, àti ẹlẹ́kítíróònù tí ó yí àárín náà ká. Iye wọn sábà máa ń dọ́gba, nítorí náà ni a kì í fi í mọ̀ pé wọ́n wà. Bí ohun méjì bá fara kanra, tí wọ́n sì tún pínyà, ẹlẹ́kítíróònù díẹ̀ lè ṣí kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Bí a bá fi wọ́n ra ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti ń fara kanra ń pọ̀ sí i ni. Òòyà oníke sábà máa ń gba ẹlẹ́kítíróònù lọ́wọ́ irun. A kò dá ohunkóhun tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a pín láìdọ́gba.

Iye tí ó ń ṣí yìí kéré, ó sì pọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni coulomb, a sì nílò nǹkan bí ẹlẹ́kítíróònù 6.24 × 10¹⁸ kí coulomb kan tó pé. Bí òòyà kan bá gba ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù coulomb, ẹlẹ́kítíróònù bílíọ̀nù 62 ni ó ti gbà, síbẹ̀ bébà wẹ́wẹ́ lásán ni agbára rẹ̀ mọ. Ọyẹ́ kò sì dá iná yìí sílẹ̀, bí àwọn kan ti ń rò. Ní àsìkò òjò náà, ìpínyà ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tí ó bo ojú aṣọ àti ojú ike ń jẹ́ kí ohun tí ó ṣí kúrò padà sí ibi tí ó ti wá kí ó tó kó ara jọ. Ọyẹ́ kàn mú ọ̀nà àbọ̀ kúrò ni.

Nínú àlàyé yìí, "iná" kò wúlò fún ohunkóhun. Kò sí ohun tí ó jó nígbà tí òòyà fa bébà, kò sì sí ohun tí ó tàn. Orúkọ náà bo ohun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rí: pé ohun tí a ń sọ wà lára òkúta, lára omi, lára ènìyàn, ní ọjọ́ tí NẸ́PÀ wà àti ní ọjọ́ tí kò sí.

Ṣàngó ní Marina

Ní 1964, Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó fún ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń pèsè iná mànàmáná, ère náà sì dúró níwájú olú-ilé-iṣẹ́ náà ní Marina, l'Ékòó. Iṣẹ́ ọnà tí ó wúni lórí ni. Ère kì í ṣe ìwé físíìsì, a kò sì gbọ́dọ̀ bi í ní ohun tí kò ṣe ìlérí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí ó ti fara mọ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń jẹ yọ nínú àpérò àti nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: pé níwọ̀n bí Yorùbá ti ní Ṣàngó, tí wọ́n ní ẹdùn àrá, tí wọ́n sì pe ohun tuntun náà ní iná mànàmáná, wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí àwọn Òyìnbó tó mọ̀.

Ó yẹ kí a kọ èrò yìí sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó gbé Yorùbá ga, bí kò ṣe nítorí pé kò ka èdè Yorùbá dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Yorùbá ya àrá sọ́tọ̀ kúrò lára mànàmáná. Àrá a máa sán. Ó lè la igi, ó lè pa ènìyàn, òun ni a ní ó ń ju ẹdùn sílẹ̀. Mànàmáná ní tirẹ̀ a kàn máa kọ ni. Ojú ni ó ń rí i. Nígbà tí a wá ń wá orúkọ fún ohun tuntun, mànàmáná ni a mú, a fi àrá sílẹ̀. Ìyẹn ni pé a so ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan mọ́ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Agbára tí ó la igi, èyí tí ó sún mọ́ ohun tí físíìsì ń wá jù, wà lọ́dọ̀ àrá títí dòní. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí Ṣàngó jẹ́ babańlá iná ẹlẹ́ńtíríìkì ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí orúkọ náà fi fò ó dá.

Òtítọ́ ni pé mànàmáná ojú ọ̀run àti ìpẹ́pẹ́ tí ó ń ta lára aṣọ jẹ́ ohun kan náà. Nínú ìkùukùu, èérún yìnyín kéékèèké ń kọlu àwọn tí ó tóbi jù wọ́n lọ, ẹ̀yà kan ń kó jọ sókè, ẹ̀yà kejì ń kó jọ sísàlẹ̀, títí tí afẹ́fẹ́ kò fi lè dá wọn dúró mọ́. Ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ yẹn ni ìmọ̀ náà gan-an, kì í ṣe mànàmáná lásán, kì í sì ṣe òòyà lásán. Benjamin Franklin ni ó dábàá bí a ṣe lè dán an wò. Ní oṣù karùn-ún 1752, Thomas-François Dalibard gbé ọ̀pá irin gíga kan nàró ní Marly, lẹ́bàá Paris, ìpẹ́pẹ́ sì ta lára rẹ̀ nígbà tí ìkùukùu òjò kọjá. Iná tí ó ń gba inú mànàmáná kan lè tó 30,000 amp. Ti òòyà kò tó nǹkan. Ohun tí ó mú kí a lè sọ méjèèjì ní gbólóhùn kan kì í ṣe pé wọ́n jọra lójú. Wọn kò jọra rárá.

Ṣáàjì, ẹrù, akọ àti abo

Kí ni kí a wá pe ohun tí ó ń ṣí láti ara irun bọ́ sára òòyà? Ọ̀rọ̀ tí ó yá jù lọ́wọ́ ni "ṣáàjì". Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ó sì ti di ọmọ ilé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe. Bí a bá ṣáàjì fóònù, ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ni pé a fi nǹkan kún un, ó sì kún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì físíìsì yóò gbà pé bátìrì tí ó kún ní ṣáàjì púpọ̀ lára, èyí tí ó ti tán kò sì ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ẹlẹ́kítíróònù tí ó bá gba ẹnu kan bátìrì wọlé ni ó ń gba ẹnu kejì jáde. Bátìrì tí ó kún àti èyí tí ó ti tán dọ́gba ní ti ẹ̀yà méjèèjì yẹn. Agbára ni a fi pamọ́ sínú rẹ̀, bí ẹni tí ó gbé omi lọ sórí òkè láìfi ẹ̀kán kan kún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní àìsàn yìí, kì í ṣe ẹ̀bi Yorùbá nìkan. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a fi ní láti kó àìsàn náà wọlé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹrù" ni àwọn tí ń túmọ̀ láti inú ìwé atúmọ̀ èdè sábà máa ń sá tọ̀. Ó burú ju ṣáàjì lọ. Ẹrù ni ohun tí a gbé ru ẹlòmíràn, tí a lè sọ̀ kalẹ̀, tí orí yóò sì fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróònù kò lè sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí a ń wá orúkọ fún jẹ́ ara ẹ̀dá rẹ̀, bí iyọ̀ ti ń jẹ́ oníyọ̀.

Àbá kẹta ní ọgbọ́n nínú, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀: kí a pe oríṣi méjèèjì ní akọ àti abo. Ní 1733, Charles du Fay ti Faransé kéde pé oríṣi méjì ni ó wà, ọ̀kan tí gíláàsì tí a ra máa ń ní, èkejì tí oje igi gbígbẹ máa ń ní. Irú kan náà a máa ti ara wọn sẹ́yìn, irú méjì tí ó yàtọ̀ a máa fa ara wọn. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ akọ àti abo nínú èyí lójú ẹsẹ̀. Yorùbá ti ń pín òkúta, ewé àti òjò pàápàá sí akọ àti abo, kò sì sí ìdí tí kò fi lè pín èyí. Ibi tí àwòrán náà ti já ni ìṣirò. Bí akọ kan bá pàdé abo kan, wọn kì í parẹ́. Ọmọ ni ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ìwọ̀n oríṣi méjèèjì bá dọ́gba, àpapọ̀ wọn jẹ́ òfo. Akọ àti abo ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé wọn yóò fa ara wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí yóò kù fún un.

Lé àti dín

Franklin ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣirò. Ní 1747, oníṣòwò ìwé yìí gbé èdè ìwé àkọsílẹ̀ owó wọ inú ọ̀rọ̀ náà: ohun kan ní àlékún, òmíràn ní àìtó, ohun tí ọ̀kan pàdánù ni èkejì jèrè. Àpapọ̀ kì í yí padà. Níbí ni Yorùbá ti ní ohun èlò tí kò nílò láti yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìṣirò Yorùbá ti ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjèèjì yìí tipẹ́. Mọ́kànlélógún jẹ́ ọ̀kan tí ó lé ogún. Mẹ́tàdínlógún jẹ́ mẹ́ta tí ó dín ní ogún. Àádọ́ta jẹ́ ẹ̀wá tí ó dín ní ọgọ́ta, márùndínláàádọ́ta sì tún jẹ́ àrùn-ún tí ó dín nínú èyí tí ó ti dín. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n kà dé àádọ́ta ti ń fi lé àti dín ronú láìmọ̀.

Àbá tí ó tẹ̀lé èyí kò díjú: kí a pe oríṣi kan ní lé, kí a pe èkejì ní dín, kí a sì pe ìwọ̀n tí ohun kan ní nínú méjèèjì ní ìlédín rẹ̀. Nígbà náà, ìlédín prótọ́ọ̀nù jẹ́ lé kan, ti ẹlẹ́kítíróònù jẹ́ dín kan. Ti òòyà tí a ti fi ya irun jẹ́ dín, ti irun jẹ́ lé, iye wọn sì bára mu. Ti bátìrì, yálà ó kún tàbí ó ti tán, kò lé, kò dín.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó fi àǹfààní àbá náà hàn jù. Bí a bá ra ọjà ní ẹgbẹ̀rún náírà géérégé, ẹgbẹ̀rún ni, kò lé, kò dín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìyẹn kí ó rò pé kò sí owó níbẹ̀. Ìdọ́gba ni ó ń gbọ́, kì í ṣe àìsí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èdè mìíràn ń lò fún èyí sábà máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ohun tí kò ní ìlédín jẹ́ ohun tí ó ṣófo. Àṣìṣe yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n lóye òòyà àti bébà. Bébà kò lé, kò dín. Kí ni òòyà ń fà níbẹ̀? Ó ń fà á nítorí pé lé àti dín kún inú bébà ní ìwọ̀n kan náà. Dín tí ó wà lára òòyà ń ti dín inú bébà sẹ́yìn díẹ̀, lé inú bébà sì wá sún mọ́ òòyà ju dín rẹ̀ lọ. Agbára tí ó wà láàárín wọn a máa pọ̀ sí i bí wọ́n bá ti súnmọ́ra, gẹ́gẹ́ bí Coulomb ti wọ̀n ọ́n ní 1785: bí a bá dín àlàfo wọn kù sí ìdajì, agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin. Fífà borí títì, bébà sì fò.

Àbá náà kò ṣàìní ẹ̀gún. Èkínní wà nínú èdè fúnra rẹ̀. "Lé" tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan pọ̀ ju òmíràn lọ, àti "lé" tí ó túmọ̀ sí kí a lé ènìyàn sá, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ sọ pé irú kan náà kì í gba ara wọn mọ́ra lè rí i pé lé ń lé lé, dín sì ń lé dín, kíláàsì yóò sì tú ká pẹ̀lú ẹ̀rín. Nítorí náà ni "tì sẹ́yìn" fi dára ju "lé" lọ fún iṣẹ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti lò ó lókè.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Franklin ni ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò sí ohun tí ó lè sọ fún un ní 1747 irú èyí tí ó ń ṣí. Ó fi àmì lé fún gíláàsì tí a ra. Nígbà tí J. J. Thomson wá fi ẹlẹ́kítíróònù hàn ní 1897, ó já sí pé irú tí Franklin pè ní dín ni ẹlẹ́kítíróònù jẹ́. Nítorí náà òòyà tí ó gba ẹlẹ́kítíróònù kún ara rẹ̀ ni a ní ìlédín rẹ̀ dín. Etí Yorùbá kò ní gba èyí: a fi kún un, ó dín? Gbèsè ni ó lè yanjú rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróònù kọ̀ọ̀kan dà bí gbèsè kan. Ẹni tí ó bá gba gbèsè ẹlòmíràn sí ọrùn ara rẹ̀ ti gba nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun ìní rẹ̀ dín, ti ẹni tí ó bọ́ nínú gbèsè sì lé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ní láti kọ́ ní ohun tí gbèsè ń ṣe.

Helen Verran, ẹni tí ó kọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ìwé odidi kan, Science and an African Logic (2001), yẹ nọ́ńbà Yorùbá wò bí wọ́n ti ń lò ó ní kíláàsì. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú ìrírí rẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í dúró de ẹni tí yóò pinnu èdè tí ó tọ́. Wọ́n ń mú èyí tí ó bá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń rìn láàárín èdè méjì láìṣe wàhálà. Lé àti dín kò ní láti lé prótọ́ọ̀nù àti ẹlẹ́kítíróònù kúrò ní kíláàsì. Orúkọ ẹ̀yà lásán ni àwọn ìyẹn. A lè yá wọn. Ìbáṣepọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni kò ṣe é yá.

Ọ̀nà àti ìdènà

Lórí ohun tí ó ń jẹ́ kí ìlédín kọjá àti ohun tí kì í jẹ́ kí ó kọjá, a lè yára díẹ̀. Ní 1729, Stephen Gray àti Granville Wheler ń fi okùn gbọọrọ gbé agbára tí ó wà lára gíláàsì tí a ra lọ sí òkèèrè ní England. Okùn sílíìkì, irú òwú tí kòkòrò ń pa, bíi ti sányán, ni wọ́n fi gbé okùn náà rọ̀. Nígbà tí sílíìkì já, wọ́n fi wáyà idẹ tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ohunkóhun kò dé òpin okùn mọ́. Wáyà ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Títí di ìgbà náà, wọ́n rò pé títẹ́ẹ́rẹ́ sílíìkì ni ó ń dá a dúró. Ẹ̀yà ohun tí a fi ṣe okùn ni. Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbé e kọjá 600 ẹsẹ̀-bàtà.

Bí a bá pe wáyà ní "kọ́ńdọ̀", gbogbo kíláàsì l'Ékòó yóò rí ẹni tí ó so rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó. Ẹni yẹn ń gba owó. Èrò kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó bára mu jù ni "alànà" àti "adènà", nítorí pé ìyàtọ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn ni là àti dè. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ara alànà jáde fún ìwọ̀n rẹ̀, "ìlànà", ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà pípẹ́. "Agbàláàyè" kò dán tó alànà, ṣùgbọ́n "ìgbàláàyè" wà fún ìwọ̀n rẹ̀, ó sì gbà kí ìwọ̀n náà pọ̀ tàbí kí ó kéré, èyí tí ó ṣe pàtàkì. Kò sí ohun tí ó jẹ́ adènà pátápátá. Ìgbàláàyè bàbà ju ti gíláàsì lọ ní ìlọ́po tí a fi 1 kọ, tí òdo mẹ́tàdínlógún sì tẹ̀lé e, ó kéré tán. Síbẹ̀ ti gíláàsì kì í ṣe òfo. Igi gbígbẹ àti igi tútù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara ènìyàn wà láàárín, ó sì gba láàyè tó láti kú.

Ìdánwò gbogbo èyí wà ní ilé epo. Àkọlé tí ó bá kìlọ̀ pé "Ẹ má ṣe mú iná dé ibí" ti kìlọ̀ nípa ìṣáná, sìgá àti ààrò. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn lọ́wọ́ yóò gbà pé kò kan òun, yóò sì gbé kẹ́ẹ̀gì oníke rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ kí wọ́n bu bẹntiróòlù sí i. Epo tí ń ṣàn gba inú rọ́bà a máa kó ìlédín jọ. Ike kò gbà á láàyè láti sá lọ sínú ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì náà kò sì gbà á. Ìpẹ́pẹ́ tí agbára rẹ̀ kò tó 1 mílíjúùlù lè mú kí oru bẹntiróòlù gbiná, ara ènìyàn ní àsìkò ọyẹ́ sì lè kó èyí tí ó ju 5 lọ jọ láìmọ̀. Ìkìlọ̀ tí yóò dáàbò bo ẹni yìí kò lè ní "iná" nínú rárá: "Gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí epo tó wọ inú rẹ̀. Fi ọwọ́ kan irin ọkọ̀ kí o tó súnmọ́ epo. Jẹ́ kí irin ẹnu rọ́bà fara kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí epo yóò fi kún." Ẹni tí ó bá bi olùtajà léèrè ìdí rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn, ìdáhùn náà sì wà ní Yorùbá: epo ti lé, tàbí ó ti dín, ilẹ̀ sì ni yóò bá a mú un dọ́gba kí afẹ́fẹ́ tó gbìyànjú rẹ̀.